Ẹni Tó Ń Dáhùn sí Orúkọ Mi

Fún oṣù méje ní Wagadúgù, wọ́n ń pe orúkọ mi nínú kíláàsì kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn ló sì ń dáhùn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Àwọn ọmọ mi gbà pé ìwé-ẹ̀rí tó wà nínú férémù ní pálọ̀ mi, èyí tí wọ́n kọ ní èdè Faransé, òógùn ojú mi ni. Bí àlejò bá bèèrè nípa rẹ̀, wọ́n á ní, "Dádì jìyà kí wọ́n tó gba ìyẹn o." Èmi á rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yin ara rẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, ẹ̀rín músẹ́ yẹn ti sú mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lọ. Àbúrò bàbá mi kan wà ní Wagadúgù, Alájì là ń pè é, tó ń ta ẹ̀yà ara moto lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Rood Woko. Moto ni wọ́n ń pe alùpùpù kéékèèké níbẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń gùn ún: nọ́ọ̀sì, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ìyàwó ilé tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó sì so adìyẹ méjì mọ́ ọwọ́ moto. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, lẹ́yìn eruku pupa tó wọ inú etí mi tí kò sì jáde títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe eruku. Ní àdúgbò wa nílé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lókè òkun. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ mo ṣì jẹ́ akọ̀wé lójú wọn. Mo dé Wagadúgù, mi ò lè bèèrè omi. Gẹ̀ẹ́sì mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ kékeré tó ń ta omi inú ọ̀rá á wò mí bí ẹni wo odi.

Àwọn ológun ọ̀dọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba nígbà náà ni. Ìyípadà ni wọ́n ní àwọn ń ṣe, òótọ́ sì ni, nítorí orílẹ̀-èdè tí mo bá níbẹ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà níṣojú mi. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ aṣọ òfì tí wọ́n hun nílé. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣe eré ìdárayá. Mo rí Alájì, tòun ti ikùn rẹ̀, tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, tó ń sáré yí pápá ká pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ẹṣin ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ni?" ló ń wí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ní ìlú náà.

Ìjọba kan náà ló ní kò sí ẹni tó dàgbà kọjá ìwé. Wọ́n ṣí iléèwé ìrọ̀lẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ sínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ẹni tó bá parí rẹ̀ lè ṣe ìdánwò kan, bó bá sì yege, yunifásítì á gbà á wọlé, kódà bí kò ní ìwé-ẹ̀rí girama ti àwọn Faransé. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi fò sókè. Ó dà bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Òfin wọn ò pọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà bíró. Kí o mú lẹ́tà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ pé òṣìṣẹ́ ni ọ́. Alájì fọwọ́ sí tèmi. Kí o máa wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí o bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí ìwé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ìwé ìpè lópin ọdún nìkan ló lè jókòó ìdánwò. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, olùkọ́ ní kí n dìde ka ìwé. Mo dìde láàárín àwọn bẹ́ǹṣì kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo kà á bí mo ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ohùn ńlá. Mi ò tíì ka ìlà méjì tán tí kíláàsì fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó rín jù ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Asèta, tó ń fọ ìfun màlúù ní ilé ìpẹran ní Kossodo, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà. Ó rín títí ó fi ń fi etí ìborùn nu ojú.

"Tọ́ńtọ̀n, jókòó," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni níbẹ̀. "Má bínú. Gbogbo wa la máa kọ́ ọ."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Nígbà yẹn, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹni tó ń fọ ìfun ní òun fẹ́ kọ́ mi níwèé, èmi Akọ̀wé. Mi ò padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Mo wá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kossodo, tí mò ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n lọ síléèwé. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí.

*

Ìsọ̀ tó kángun sí tiwa jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ràbí, nítorí Ràbíátù ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ará Ṣakí ni. Ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó gbé Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọdún tí wọ́n ní kí àwa àlejò kúrò ní Gánà, tó fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Táyà àti túùbù ló ń tà, ó sì ń lẹ èyí tó bá jò. Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Twi, ó gbọ́ Mooré bí ọmọ ìlú, ó sì ń sọ Faransé ọjà. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwé, àfi kéú tí wọ́n kọ́ ọ ní kékeré.

Ní ìlà ìsọ̀ wa, a máa ń bá ara wa jókòó. Bí Alájì bá lọ sí mọ́ṣáláṣí, Bàbá Ràbí á wá jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa ta ọjà rẹ̀. Iye tó bá pe ṣéènì fún oníbàárà, iye náà ni. Alájì ò ní dé kó ní òun kọ́ lòun sọ ọ́. Oníbàárà gan-an á máa pè é ní Alájì, á sì máa jẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó rí i bí ẹ̀tàn. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Kossodo. Bàbá Ràbí wò mí láti orí àpótí rẹ̀.

"Akọ̀wé, iléèwé ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, Bàbá."

"Wọn ò ní yọ orúkọ rẹ?"

"Bí mi ò bá lọ lónìí, wọ́n á yọ ọ́."

"Háà. Ìyá rẹ tó ń retí ńkọ́?"

Mi ò ronú rárá kí n tó sọ ọ́. Ó jáde lẹ́nu mi bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: "Bàbá, ẹ bá mi jókòó."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sí iléèwé? Èmi tí lẹ́tà A àti àkàbà jọra lójú mi?"

"Ìjókòó náà ni. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ mi, kí ẹ dáhùn. Ó tán."

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Présent. Ìyẹn ni pé mo wà níbí."

Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ó ń tọ́ ọ wò. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gọ́ọ̀mù. "Dakọ́ọ̀, mo gbà. Ìjókòó ò kúkú wúwo."

Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo rò pé iléèwé dà bí ìsọ̀.

*

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ tó mọ ojú mi kì í gbójú sókè bó bá ń pe orúkọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ́pò rẹ̀, Mùsíè Dírísà. Lójú tirẹ̀, Bàbá Ràbí ni èmi. Àwọn tó kù mọ̀ pé ó ń bá mi jókòó ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ. Ó ń bu ẹ̀pà fún wọn, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo rò pé yóò kàn máa sùn lórí bẹ́ǹṣì ni. Ní òwúrọ̀ kan, ó na ìwé kan sí mi, ìwé tí mo fún un pé kó gbé sí iwájú rẹ̀ kí ó lè jọ akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ mi wà lára èèpo rẹ̀. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Mo yí i padà. Láti ẹ̀yìn ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì. Ó ti fi lẹ́tà kéú kọ ohun tí olùkọ́ sọ ní èdè Faransé.

"Jókòó kí n kà á fún ọ," ló wí. "Ẹni tí a bá jókòó fún, ó yẹ kó mọ ohun tí a tà."

Ó sì kà á. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí olùkọ́ bá wí, kí ó mú un bó ṣe rí, kò gbọdọ̀ sọ ẹyọ kan nù. Gbogbo ọ̀rọ̀ Mùsíè Dírísà ló wà lórí rẹ̀. Á dúró láàárín, á ní, "Ó wúkọ́ níbí," òun náà á sì wúkọ́. Á tún máa bá a lọ. Bí mo ṣe kọ́ ìtàn, òfin àti gírámà Faransé nìyẹn: ní òwúrọ̀, láàárín òórùn gọ́ọ̀mù, lẹ́nu ọkùnrin tí kò mọ ìwé. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ ilé, òun ló ń gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kan ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Wọ́n yìn ọ́ lánàá o."

"Èmi?"

"Ṣebí orúkọ rẹ ni wọ́n pè. Olùkọ́ bèèrè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, mo dìde, mo sọ ọ́. Ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Asèta ló pàtẹ́wọ́ jù."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà àwọn òyìnbó nígbà tí ọyẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo bá a tó jókòó, tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára túùbù dúdú kan. Ó fà á sẹ́yìn bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ó fi hàn mí. Orúkọ mi ni. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ láti kọ láyé rẹ̀ nìyẹn, nítorí òun ló ń rí lára èèpo ìwé lójoojúmọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Kò wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ tirẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

*

Ní oṣù méjì méjì ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. A ti fi lẹ́tà dá ọjọ́ fún ara wa; òun á lọ dúró ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí tẹlifóònù wà, èmi á tò sórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Wagadúgù. Ohùn rẹ̀ á máa wá, á máa lọ.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Iléèwé yẹn ńkọ́? Ṣé ò ń lọ?"

"Lójoojúmọ́."

"Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa níbẹ̀?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi."

Mo gbọ́ tó yíjú sí ẹni tó ni ilé ìtajà náà, tó ní, "Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi níwájú àwọn òyìnbó." Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Kò sí èmi náà níbẹ̀. Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo jáde sínú oòrùn, mo rí i pé mo ti ń gbádùn ìyìn tí kì í ṣe tèmi.

Mo ti máa ń bi ara mi léèrè pé nígbà wo ni ènìyàn máa ń di ará ibì kan. Mo ní ìṣẹ́gun kékeré tèmi: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Mooré ná ọjà, tí ìyá tó ń ta ẹ̀wà fi "barka," ìyẹn "ẹ ṣé," dá mi lóhùn, tó sì bu ẹ̀wà sí i fún mi. Mo fò délé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìlú náà ò mọ̀ mí. Ẹni tí ìlú náà mọ̀ ní orúkọ mi ni ọkùnrin ará Ṣakí kan tó ń bu ẹ̀pà fún àwọn tó jókòó tì í. Òun ni wọ́n ń kí. Òun ni wọ́n ń bi pé, "Ilé ńkọ́?" Mo ti fi ìjókòó mi láàárín wọn fún un, mi ò sì mọ̀ pé ìjókòó yẹn gan-an ni mo wá Wagadúgù wá.

*

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Orúkọ mi wà níbẹ̀: kò pa ọjọ́ jẹ ju mẹ́ta lọ. Wọ́n ní kí a mú fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ wá, àti pé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni a ó ti ṣe é, lábẹ́ àwọn olùdánwò tí kò mọ̀ wá rí.

Bàbá Ràbí ń lẹ túùbù lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Kò gbójú sókè.

"Èmi ńkọ́?"

"Báwo, Bàbá?"

"Ọjọ́ ìdánwò. Ṣé wọn ò ní jẹ́ kí n kọ tèmi? Mi ò ní kí wọ́n fún mi ní nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. A ó wo bó ṣe máa rí."

Bíró iléèwé ò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ọjà. Wọ́n ṣì ń forúkọ àwọn tuntun sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló nílò, Alájì ì bá sì fọwọ́ sí i láìjanpata. Èmi ló yẹ kí n mú un lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un lọ, Mùsíè Dírísà á rí wa pa pọ̀, á bèèrè pé ta ni mí. Nítorí náà mi ò lọ. Mo sọ "a ó wo bó ṣe máa rí" lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, mo wà lórí ìlà. Asèta wà lẹ́yìn mi, ó ń ka nǹkan sínú. Ọkùnrin kan tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́ kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká sì dúró tì í. Ó pe orúkọ mi.

"Présent!"

Kì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde. Bàbá Ràbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọ ẹ̀wù òfì tuntun, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, bírò kan wà lápò àyà rẹ̀. Oṣù méje ló ti ń dáhùn sí orúkọ yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó jáde kó tó mọ̀ ni.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ẹni méjì ni?"

Mo na káàdì mi sí i. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. "Ìwọ ni. Bàbá yìí ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi àwọn tó bá rẹ́ ìjọba jẹ ṣe nígbà náà. Wọ́n á ní kí wọ́n wá rojọ́ níwájú gbogbo ìlú, rédíò á sì gbé e. Mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mo rí yunifásítì lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

"Rárá," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo gbọ́ tí Asèta fa èémí sínú lẹ́yìn mi. "Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí..."

Bàbá Ràbí gbé ọwọ́ sókè sí i kíákíá, ó sọ̀rọ̀ fún un ní Mooré, ohùn rẹ̀ ò le: "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á yọ orúkọ náà." Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà, ó fi Faransé tó mọ́ kedere dá a lóhùn: "Ẹnu mi ló yá jù, ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Ọ̀dọ́ oníbọn gba káàdì rẹ̀, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn.

"Kí ni ẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá wòran ni."

"Ẹ ò níṣẹ́. Ẹ gba ìgbálẹ̀ yẹn, kí ẹ gbá ọgbà yìí kí ìdánwò tó parí."

Ó gba ìgbálẹ̀. Mo wọlé.

*

Ìjókòó mi súnmọ́ fèrèsé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni àpèkọ. Obìnrin kan ń ka ìwé sókè, díẹ̀ díẹ̀, àwa ń kọ. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ lóde, ṣìì, ṣìì. Nígbà tó ka ìlà àkọ́kọ́, ìró ìgbálẹ̀ náà dúró. Mi ò wo òde. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí a kọ àròkọ lórí ìdí tí ìwé fi tọ́ sí àgbàlagbà. Mùsíè Dírísà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ní gbogbo rẹ̀ lórí, bí Bàbá Ràbí ṣe kà á fún mi. Mo dé ibi tí olùkọ́ ti wúkọ́, ọwọ́ mi dúró. Mo kọ ọ́ tán.

Nígbà tí a jáde, kò sí nínú ọgbà mọ́. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Lábẹ́ fèrèsé wa nìkan ni kò gbá. Ó ti fi ìdí ìgbálẹ̀ kọ ìlà àkọ́kọ́ àpèkọ náà sínú eruku, láti òsì lọ sí ọ̀tún, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Mo kà á. Níbi tí èmi ti ṣe àṣìṣe méjì, kò ṣe ọ̀kan.

Asèta dúró tì í, ó ń kà á pẹ̀lú ètè. Ó wò mí.

"Oṣù méje ni mo fi ń pe ọkùnrin yẹn ní orúkọ rẹ," ló wí. "Ìwọ wá, kí ni kí n máa pè ọ́?"

Mo yí ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kí n má bàa tẹ ohun tó kọ, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ní ọjọ́ kejì, ó wà lórí àpótí rẹ̀. "Ṣé o kọ ọ́ dáadáa?"

"Mo kọ ọ́, Bàbá."

"Alihamudulilai."

Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi. Oníbàárà kan dé, ó ń wá púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo tà á tán, ẹ̀bẹ̀ náà ti padà wọnú. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Ọjọ́ tí èsì jáde, òun ló lọ wò ó. Èmi ò lè lọ. Mo rí i tó ń bọ̀ láàárín àwọn moto, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo kà á fúnra mi!" ló ń pariwo fún gbogbo ìlà ìsọ̀. "Orúkọ wa wà níbẹ̀!" Alájì gbá mi mọ́ra. Mo pe ìyá mi. Ó bèèrè pé ta ló ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ kí òun lè máa gbàdúrà fún un. Mo ní Ọlọ́run nìkan ni.

Ìwé-ẹ̀rí ìdánwò yẹn, èyí tó wà nínú férémù báyìí, ni mo fi wọ yunifásítì. Mo kó lọ sí tòsí ibẹ̀, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Lẹ́yìn náà ìbọn dún, ìjọba yẹn dópin, àwa àlejò kan sì rò pé ó yẹ kí a máa lọ sílé. Mo kọjá sí ìsọ̀ láti dágbére. Bàbá Ràbí fún mi ní bírò kan. Mo mọ bírò náà.

Mo ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń pẹ́ jù lórí ìpè orúkọ, pé mo máa ń gbójú sókè wo ojú ẹni tó bá dáhùn. Wọ́n rò pé olè ni mò ń ṣọ́.

Ọmọ Alájì ló pè mí lórí fóònù ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé Bàbá Ràbí ti kú. Mo bi í bóyá bàbá náà máa ń dárúkọ mi.

"Ìgbà gbogbo, Bùọ̀dá. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀yin àti òun lẹ jọ lọ síléèwé."

Mo pe àwọn ọmọ mi jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ohun tí mo kọ síbí yìí fún wọn. Àbígbẹ̀yìn mi bèèrè pé ṣé kí àwọn yọ ìwé-ẹ̀rí náà kúrò lára ògiri. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wá pépà kan, mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, mo sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ férémù náà, níbi tí àlejò ti lè rí i kà.

Ìsíákà Àjàní lorúkọ rẹ̀. Ó wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kò pa ọjọ́ kan jẹ.